Àjò Kì Í Dùn Kí Onílé Má Relé: Ìpadàbọ̀ sí Ibùwọ̀ Olówó Pọ́ọ́kú ní Òru Ìgbà Òtútù

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń rin ìrìn àjò lọ sí ìlú òyìnbó ni a máa ń múra sí àlọ, tí a kì í múra sí àbọ̀. A ó ra kóòtù, a ó dá owó sí àpò, a ó sì kọ orúkọ àwọn ibi tí a fẹ́ lọ wò sínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí a ó ṣe padà sí ibi tí a ó sùn nígbà tí ọ̀gànjọ́ òru bá kàn, tí òtútù sì mú, a kì í rò ó.

Kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi má baà rò pé àròsọ ni mo fẹ́ sọ, èmi fúnra mi ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní Oṣù Kìíní ọdún 2019. N ó sọ ọ́ bí ó ti rí, n ó sì máa dúró lójú ọ̀nà láti ṣàlàyé ohun tí n kò mọ̀ ní ọjọ́ náà tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Irú ilé tí mo wọ̀ sí

Kí a tó máa rìn, ẹ jẹ́ kí a mọ ilé tí a ń padà sí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ti hòtẹ́ẹ̀lì a máa wọ̀ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ má rò pé irú èyí tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé nínú ọgbà yunifásítì ni mo ń wí o. Èyí jẹ́ ilé àlejò tí wọ́n ti ń ta ibùsùn dípò yàrá. Ènìyàn mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn kò mọ ara wọn rí, ni yóò jọ sùn sínú yàrá kan, lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbé lé orí ara wọn. Wọn a jọ máa lo ilé ìwẹ̀ kan náà. Àpótí a máa wà tí ènìyàn lè kó ẹrù sí, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, àlejò ni yóò mú àgádágodo tirẹ̀ wá.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kà nípa irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé ìjì òjò ni ó bí i. Ní ọdún 1909, olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Jámánì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Schirrmann ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ rin ìgbèríko nígbà tí òjò ńlá ká wọn mọ́. Inú yàrá ilé-ìwé kan ni wọ́n sá sí, wọ́n tẹ́ koríko gbígbẹ sílẹ̀, wọ́n sì sùn lé e. Oorun kò kun olùkọ́ náà. Bí ó ti jókòó ní òru ni ó ń rò ó pé, kí ló dé tí kò fi sí ibi tí ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò lè sùn sí ní owó pọ́ọ́kú káàkiri ilẹ̀ náà? Èrò òru ọjọ́ kan yìí ni ó tàn dé gbogbo ayé. Ní ọdún 1930 wọ́n dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales.

Láyé ìjọ́un, wọn a máa ti ilẹ̀kùn ilé wọ̀nyí ní ọ̀sán, wọn a sì tún tì í bí alẹ́ bá lẹ́. Àlejò náà a sì máa bá wọn gbálẹ̀ kí ó tó lọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ wọn kì í ti ènìyàn mọ́ ìta mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni òṣìṣẹ́ ń dúró sí ní òru. Nítorí náà, kí ènìyàn tó gbé ẹrù kalẹ̀, ìbéèrè kan ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ẹni tí ó gbà á: “Bí mo bá pẹ́ dé, báwo ni n ó ṣe wọlé?” Èmi kò bi í.

Alẹ́ ọjọ́ náà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo lọ kí ní Peckham, àdúgbò kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ibùwọ̀ tèmi wà nítòsí King's Cross, ní òdìkejì odò Thames. Òjò winniwinni ti ń rọ̀ láti ọ̀sán. A jẹ iyán, a sọ̀rọ̀ ilé, a rẹ́rìn-ín, kí a sì tó mọ̀, aago méjìlá òru ti kọjá. Màmá ní, “Ọmọ mi, sùn níbí o, ilẹ̀ ti ṣú.” Mo ní, “Rárá mà, ẹ má ṣe ìyọnu, mo ti sanwó ibùsùn mi.” Owó tí mo ti san náà ni kò jẹ́ kí n gbọ́. Ó ń ká mi lára pé kí ibùsùn tí mo sanwó rẹ̀ wà lófìfo mọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín kí n ṣàlàyé bí ọkọ̀ ṣe ń rìn ní òru ní ìlú náà. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ a máa dákẹ́ lẹ́yìn aago méjìlá òru. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn rìn mọ́jú, ṣùgbọ́n òru ọjọ́ Ẹtì àti ti ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni. Ní àwọn òru yòókù, bọ́ọ̀sì ni ó kù. Àwọn bọ́ọ̀sì kan ń rìn tọ̀sán-tòru. Àwọn mìíràn sì jẹ́ ti òru nìkan, lẹ́tà N ni a ó rí níwájú nọ́ḿbà wọn. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ èrò nínú bọ́ọ̀sì láti ọdún 2014, káàdì ni wọ́n ń gbà. Èyí tí ó sì yẹ kí a fi sọ́kàn jù lọ ni pé ní ọjọ́ Kérésìmesì gan-an, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin ìlú náà kì í ṣiṣẹ́ rárá, wọn a sì tètè dákẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀. Àlejò tí kò bá mọ èyí lè bá ara rẹ̀ ní ìdúró ọkọ̀ tí ọkọ̀ kankan kò ní dé.

Ní tèmi, mo mọ nọ́ḿbà ọkọ̀ mi. Bọ́ọ̀sì 63 ni ó gbé mi wá láti King's Cross ní ọ̀sán, mo sì mọ̀ pé N63 ni n ó wọ̀ padà. Níbo wá ni mo ti ṣìnà? Ojú tí mo gbé ti ilé wá ni ó tàn mí. Ẹ rántí pé ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ilẹ̀ wa náà tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó yí i padà sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹrin ọdún 1972. Àwa tí a bí lẹ́yìn náà, ọwọ́ ọ̀tún ni ara wa mọ̀. Bí mo ti jáde ní alẹ́ ọjọ́ náà tí òjò ń fún sí mi lójú, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì tí ń bá mi dúró ní ilé. Ọkọ̀ N63 dé lóòótọ́, mo sì bọ́ sí i. Nọ́ḿbà nìkan ni mo wò. N kò ka orúkọ ìlú tí ó wà níwájú rẹ̀. Inú ọkọ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, iyán sì wà nínú mi. Mo sùn lọ.

Awakọ̀ ni ó jí mi pé ibi tí òun ń lọ ti parí. Mo wo ìta, n kò rí King's Cross. Crystal Palace ni mo wà, ní òpin ọ̀nà kejì, ní gúúsù pátápátá.

Lórí òkè

Orúkọ ibẹ̀ ti ara ilé gíláàsì ńlá kan wá, èyí tí wọ́n kọ́ sí Hyde Park fún ìpàtẹ ọdún 1851, tí wọ́n sì wá tú lọ síbẹ̀ lẹ́yìn náà, kí iná tó jó o ní ọdún 1936. Orí òkè ni. Ó fi mítà tí ó lé ní 100 ga ju ojú òkun lọ, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ níbẹ̀ láìsí ohun tí ó dá a dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ tí ń lọ sí King's Cross ti ń jáde lọ lójú mi. Mo fa tẹlifóònù yọ kí n wo ìgbà tí òmíràn yóò dé, ó kú lọ́wọ́ mi. Bátìrì kì í fẹ́ràn òtútù. Agbára rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ bí ó bá tutù, pàápàá èyí tí ó ti ń gbó. Inú tẹlifóònù yẹn sì ni àdírẹ́sì ibùwọ̀ mi wà. Mo mọ orúkọ ilé náà, n kò mọ orúkọ àdúgbò rẹ̀.

Mo sọ fún ara mi pé, “Òtútù lásán ni. Ṣebí a ń rí ọyẹ́ nílé.” Àṣìṣe ńlá ni èyí, ó sì yẹ kí n tú u palẹ̀.

Ọyẹ́ tiwa gbẹ ni. Ó ń bẹ́ ètè, ó ń mú ẹsẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ a ti gbàgbé rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 Oṣù Kejìlá, oòrùn a máa wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, kò sì ní yọ títí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ yóò fi lù. Oṣù Kìíní kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà òru gùn, ilẹ̀ kì í sì í rí ooru fi pamọ́. Èyí tí ó wá burú jù ni omi. Omi a máa gba ooru kúrò lára ènìyàn ní ìlọ́po bíi 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ gbẹ lè fara da òtútù tí yóò dá ẹni tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tutù dùbúlẹ̀. Afẹ́fẹ́ sì ń gbá ìwọ̀nba ooru tí ó rọ̀ mọ́ ara wa lọ bí ẹni ń gbálẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi pọn dandan kí yìnyín bọ́ kí òtútù tó pa ènìyàn. Òjò àti afẹ́fẹ́ ti tó.

Ara ènìyàn a máa gbóná tó dígírì 37. Bí inú ara bá tutù tí kò tó 35, àìsàn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Kí ó tó dé ibẹ̀, ara a máa jà. Gbígbọ̀n tí a ń gbọ̀n, iṣẹ́ ni ẹran ara ń ṣe láti dá ooru sílẹ̀. Ara a sì fa ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wá sí àárín, kí ọkàn àti ọpọlọ má baà tutù. Ìka a wá kú tipiri, bọ́tìnnì a di ohun tí a kò lè dè. Lẹ́yìn náà ahọ́n a wúwo, ẹsẹ̀ a máa kọ́lẹ̀, ìrònú a dàrú. Bí ó bá wá pọ̀ jù, gbígbọ̀n náà a dáwọ́ dúró, oorun a máa kun ènìyàn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń bọ́ aṣọ sílẹ̀ pé ooru ń mú àwọn. Èyí ni ó mú òtútù léwu ju iná lọ: iná ń ta ni lára kí a lè sá, ṣùgbọ́n ẹni tí òtútù ń pa lọ kì í mọ̀ pé ó ń pa òun.

Bàtà kánfáàsì ni mo wọ̀ ní òru ọjọ́ náà, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ òwú. Òwú a máa fa omi mu, a sì máa tutù mọ́ ara. Irun àgùntàn ni ó ń móoru bí ó tilẹ̀ rin. N kò dé fìlà. Mo gbọ̀n títí eyín mi fi ń lu ara wọn. Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí àga ìdúró ọkọ̀, ó sì wá ń ṣe mí bí ẹni pé kí n kàn sùn díẹ̀.

Abèèrè kì í ṣìnà

Obìnrin àgbàlagbà kan ti dé sí ìdúró ọkọ̀ náà ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, tòun ti báàgì lọ́wọ́. Mo rí i. Mo fẹ́ béèrè ọ̀nà, ojú tì mí. Mo ní ṣé kí ó wá máa wò mí bí ará oko ni? Ẹ ò rí i pé ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ṣáájú òtútù. Ohun tí ó gbà mí ni pé mo kérora lédè wa, mo ní, “Yéè, mo gbé!” Ó yí padà kíá.

“Ọmọ Yorùbá ni ọ́? Kí lò ń ṣe níhìn-ín ní irú àkókò yìí?”

“Ẹ kú ààjìn, mà. Ọ̀nà ni mo ṣì.” Bí mo ti wí nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́ kí ó tó yé wọn, nítorí ahọ́n mi ti wúwo.

Wọn kò tún bi mí ní ohunkóhun. Wọ́n fà mí ní ọwọ́. “Dìde. Má jókòó, má sùn o. Máa rìn síwá-sẹ́yìn.” Wọ́n tú ìborùn ọrùn wọn, wọ́n fi wé mi lórí bò mí létí. Wọ́n bu tíì gbígbóná oníṣúgà láti inú fúláàsì wọn, wọ́n dì í mú fún mi nítorí ọwọ́ mi kò lè di ife náà. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọ́fíìsì ni wọ́n ń lọ ṣe ní àárín ìlú; àwọn ni wọ́n ń gbálẹ̀ kí àwọn olówó ibẹ̀ tó dé ní òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá wọ bọ́ọ̀sì òru ní Lọ́ńdọ̀nù yóò rí irú wọn, àwọn ìyá àti bàbá tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí àwọn mìíràn ń ti ibi fàájì bọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ dé tí a jókòó, mo sọ bí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ fún wọn. Wọ́n mi orí. “Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ní kí o sùn, o ní o ti sanwó bẹ́ẹ̀dì. Bí o bá kú sórí òkè yẹn, ta ni yóò wá sun bẹ́ẹ̀dì náà?” N kò lè dáhùn. Wọ́n wá ní, “Iwájú ọkọ̀ ni kí o máa kà, kì í ṣe nọ́ḿbà nìkan. Bí kò bá sì dá ọ lójú, bi awakọ̀. Ẹnu rẹ kò ní já.” Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí a kọjá afárá Blackfriars. N kò béèrè orúkọ wọn, n kò sì dá ìborùn náà padà. Ó wà lọ́wọ́ mi di òní.

Ẹnu ọ̀nà àti inú yàrá

King's Cross ni mo ti béèrè ibùwọ̀ mi lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń gbá ìta ìsọ̀, ó sì júwe rẹ̀. Ojú ọ̀nà náà ń dán bí ẹni pé omi wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n omi náà ti dì. Bí òjò bá rọ̀ tí òtútù sì mú lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ a máa yọ̀ láìjẹ́ pé ojú rí ohun tí ń yọ̀. Ẹni tí ó bá bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé, kí ó máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ: ìgbésẹ̀ kúkúrú, àtẹ́lẹsẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ó má sì ki ọwọ́ bọ àpò.

Mo dé ẹnu ọ̀nà, káàdì tí a fi ń ṣílẹ̀kùn wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi nínú yàrá. Mo tẹ agogo títí. Ọlọ́run ṣe é, ẹnìkan wà nídìí iṣẹ́. Ó bi mí ní orúkọ, ó sì ṣílẹ̀kùn. Ká ní ilé tí òṣìṣẹ́ kì í sí ní òru ni, ìtàn mìíràn ni à bá máa sọ.

N kò kọjá sí yàrá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tútù náà, mo fi aṣọ gbígbẹ wé ẹsẹ̀, mo sì mu mílíìkì gbígbóná. Ẹ má ki ẹsẹ̀ tí ó ti kú bọ omi gbígbóná o, nítorí kò ní mọ ìgbà tí ó ń jó; ẹ má sì fi ọwọ́ ra á kíkankíkan. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ooru máa padà. Ọtí kò sì ṣe é mu: ó ń fa ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ara, a ó rò pé ara wa gbóná, nígbà tí ooru inú ara ń sá lọ. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ padà sí ìka ẹsẹ̀ mi, ó ta mí bí ata. Mo dúpẹ́ pé ó ta mí.

Ènìyàn méje ni ó ń sùn nínú yàrá náà. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé kò gbọdọ̀ tan iná ńlá, kò gbọdọ̀ máa tú ọ̀rá nílọ́nì tí ń pariwo. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ó tó jáde, ni ó yẹ kí ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí ó sì ti yọ aṣọ àwọ̀sùn sórí rẹ̀. Èyí náà jẹ́ ara ìmúra àbọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a mú lọ

Ẹ jẹ́ kí n wá kó ọ̀rọ̀ mi jọ ní ṣókí.

Èkínní, ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ibùwọ̀ yín sórí ìwé, kí ẹ fi í sí àpò. Ìwé kì í kú nínú òtútù.

Èkejì, kí ẹ tó jáde, ẹ mọ ọkọ̀ ìkẹyìn àti ọkọ̀ òru, ẹ mọ ẹ̀gbẹ́ títì tí ẹ ó dúró sí, kí ẹ sì ka orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ.

Ẹ̀kẹta, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ lé ara wọn sàn ju ẹyọ kan tí ó nípọn lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín wọn ni ó ń pa ooru mọ́. Ẹ dé fìlà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kan dání.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá rí ẹni tí ń gbọ̀n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń lọ́, ẹ mú un kúrò nínú afẹ́fẹ́, ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ fi gbígbẹ bò ó. Bí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró tí oorun ń kùn ún, ẹ pe 999 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìjáfara.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ béèrè. Ẹni tí ó bá sì fi ibùsùn lọ̀ yín ní alẹ́ òtútù, ẹ gbà á. Owó tí a ti san kò tó ẹ̀mí.

Mo pe Màmá ní Peckham ní ọjọ́ kejì. Wọn kò tíì sùn. Wọ́n ti ń pe tẹlifóònù mi tí ó kú láti òru. Ẹni tí ń rin òru nìkan kọ́ ni òtútù ń mú, ó ń mú ẹni tí ń retí rẹ̀ pẹ̀lú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń múra àjò, ẹ múra àbọ̀ mọ́ ọn. A ó máa lọ ire, a ó sì máa bọ̀ ire o.